Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀, Ẹsẹ̀ Tún Lè Kọ́ Ìrìn: Ipa Tí Eré Ìdárayá Ń Kó

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn, ohun àkọ́kọ́ tí ẹbí àti ará máa ń gbàdúrà fún ni pé kí ẹ̀mí má bọ́. Nígbà tí ẹ̀mí bá dúró, tí dókítà sì ní kí aláìsàn máa lọ sílé, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa rò pé ìtọ́jú ti parí. Wọ́n á gbà pé ohun tó kù kò ju kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n sì máa retí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ tó rọ yóò le fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ara máa ń tún ara rẹ̀ ṣe dé ìwọ̀n kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìrìn jẹ́ ohun tí ẹni tí àrùn yìí bá kọlù gbọ́dọ̀ tún kọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ọ, àti pé eré ìdárayá tí a yàn dáadáa, tí a sì ń ṣe lóòrèkóòrè, ni ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ìṣirò tí àwọn olùwádìí ṣe lórí àrùn káàkiri àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11.9 ènìyàn ni àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, nígbà tí iye àwọn tó ti ní in rí tí wọ́n ṣì wà láàyè lé ní mílíọ̀nù 93. Ní Nàìjíríà, àrùn náà kì í mú arúgbó nìkan. Ó ń mú awakọ̀, oníṣòwò, olùkọ́ àti àgbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn bọ́ ìdílé. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí ó lè dá rìn dé ilé ìtura àti kí wọ́n máa gbé e lọ kì í ṣe ìyàtọ̀ kékeré. Ọ̀rọ̀ iyì ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ sì ni pẹ̀lú.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA

Àrùn rọpárọsẹ̀, tí àwọn àgbà máa ń pè ní ẹ̀gbà, kì í ṣe àrùn ọwọ́ tàbí àrùn ẹsẹ̀. Inú ọpọlọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló ń gbà wáyé: ẹ̀jẹ̀ dídì lè dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, tàbí kí iṣan náà bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì ya sínú ọpọlọ. Èyí ó wù kó jẹ́, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé mọ́ kì í pẹ́ kú. Nítorí pé apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún ara, tí apá ọ̀tún rẹ̀ sì ń darí òsì ara, ẹni tí àrùn náà bá bà ní apá òsì ọpọlọ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kì í gbọ́ràn mọ́.

Ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́. Egungun rẹ̀ pé, iṣan rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àṣẹ tó yẹ kó máa ti òkè wá ni kò dé mọ́, tàbí tí kò dé bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ láìlò, iṣan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí rù, oríkèé rẹ̀ yóò sì máa le, tí ìṣòro kan yóò fi di méjì.

Ìdúróṣinṣin pàápàá kì í ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ nìkan. Ojú, ẹ̀yà ara kan tó wà nínú etí, àti ìmọ̀lára tó ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé wá ni wọ́n jọ ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ara wà àti ibi tó ń fì sí, kí ọpọlọ tó pàṣẹ fún iṣan láti dá ara dúró. Bí àrùn bá ba ètò yìí jẹ́, aláìsàn á máa fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ tó dá. Ẹsẹ̀ kejì á máa wọ́ nílẹ̀ nítorí pé ọrùn ẹsẹ̀ kò ká sókè, orúnkún á sì máa yẹ̀ tàbí kí ó fì sẹ́yìn. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í tilẹ̀ kíyè sí apá kan ara wọn mọ́, tí wọ́n á máa fi èjìká gba òpó ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ìṣubú á mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa jókòó sójú kan. Ìjókòó á sọ iṣan di aláìlágbára. Àìlágbára á sì tún mú kí ìṣubú rọrùn sí i.

Apá ọpọlọ tó bá ti kú kì í jí mọ́. Ohun tó fún àwọn onímọ̀ ní ìrètí ni pé àwọn apá tó wà láàyè lè kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí èyí tó kú ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ojú ọ̀nà oko ló rí: bí igi ńlá bá wó dí ọ̀nà àtijọ́, àwọn tó ń lọ sóko á yà gba inú igbó, bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń tẹ ibẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀nà tuntun á là. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gba ibẹ̀, igbó ni yóò máa jẹ́. Títẹ ọ̀nà náà lójoojúmọ́ ni eré ìdárayá ń ṣe nínú ọpọlọ.

ÌṢÍSẸ̀ MÉLÒÓ NI Ó TÓ?

Ní ọdún 2012, Ọ̀jọ̀gbọ́n Karen Adolph àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 12 sí oṣù 19. Wọ́n rí i pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń ṣeré fún wákàtí kan, ó ń gbé ìṣísẹ̀ 2,368 ní ìpíndọ́gba, ó sì ń ṣubú ní ìgbà 17. Ìyẹn ni pé ọmọ tí gbogbo ilé ń wò bó ṣe ń rìn tàgétàgé ti ṣiṣẹ́ ńlá kí oòrùn tó wọ̀.

Ní ọdún 2009, Catherine Lang àti àwọn olùwádìí mìíràn ti kọ́kọ́ ka iye ìṣísẹ̀ tí àwọn tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ń gbé nígbà tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wọn ní ibùdó ìtọ́jú méje ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìpíndọ́gba tí wọ́n rí ni ìṣísẹ̀ 357 fún ìgbà ìtọ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ 357 péré ní ilé ìwòsàn, tí aláìsàn sì padà sílé lọ dùbúlẹ̀ títí di ọjọ́ ìtọ́jú mìíràn, ó hàn gbangba pé ẹ̀kọ́ náà kò lè tètè wọ ọpọlọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí àgbàlagbà máa ṣubú bí ọmọdé. Ọmọdé kúrú, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Àgbàlagbà tó bá ṣubú lè dá egungun ìbàdí. Ohun tí ìṣirò méjèèjì kọ́ni ni pé àṣetúnṣe ni ẹsẹ̀ fi ń kọ́ ìrìn, àti pé púpọ̀ nínú àṣetúnṣe náà gbọ́dọ̀ wáyé nínú ilé, láàárín àwọn ará ilé, lẹ́yìn tí oníṣègùn bá ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é láìséwu hàn wọ́n.

ÌGBÀ WO NI KÍ Á BẸ̀RẸ̀?

Ó yẹ kí ìdárayá tètè bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á kánjú. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 56 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lára aláìsàn 2,104. Wọ́n gbé àwọn kan dìde kúrò lórí ibùsùn láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, wọ́n sì ń mú wọn dìde léraléra fún ìgbà pípẹ́. Àwọn yòókù gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn wọn ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tí wọ́n kánjú pẹ̀lú wọn kò gbádùn tó àwọn yòókù. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní, dókítà ni ó yẹ kó sọ bóyá kí aláìsàn jókòó sétí ibùsùn àti ìṣẹ́jú mélòó tí yóò fi jókòó. Nígbà tí ara bá ti balẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wálẹ̀, iṣẹ́ lè máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní ìlú Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark, tí ó jáde ní ọdún 1995, tẹ̀ lé aláìsàn 804. Ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò lè rìn rárá nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí ìtọ́jú parí, ìdajì gbogbo wọn ló ń dá rìn, ìdá 11 ń rìn pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́, ìdá 18 kò lè rìn, àwọn yòókù sì ti kú. Àwọn olùwádìí náà rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ 11 àkọ́kọ́ ni ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún dé ibi tí ìrìn wọn dára dé. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí ni ọpọlọ ń gba ẹ̀kọ́ jù lọ. Ìdílé tó bá fi oṣù mẹ́ta náà rìn káàkiri láti ilé aláwo kan dé òmíràn, tí aláìsàn sì wà lórí ẹní, ti pàdánù ohun tí kò rọrùn láti rí gbà padà.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn kì í tì pa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2011, rí i pé àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdárayá pàtàkì kan ní oṣù kẹfà lẹ́yìn àrùn náà tún ṣe dáadáa. Ìwádìí yìí kan náà ló dáhùn ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà máa ń béèrè nípa ẹ̀rọ.

ṢÉ DANDAN NI ẸRỌ OLÓWÓ GỌBỌI?

Aláìsàn 408 ni àwọn olùwádìí tí Pamela Duncan ṣáájú wọn pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fi okùn gbé àwọn kan ró lórí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kejì. Àwọn kan lo ẹ̀rọ yìí kan náà láti oṣù kẹfà. Àwọn yòókù kò lo ẹ̀rọ kankan: oníṣègùn ló ń lọ bá wọn nílé, tó ń kọ́ wọn ní ìdárayá tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára tó sì ń mú ìdúró wọn le. Nígbà tí ọdún kan pé, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo wọn ni ìrìn wọn ti sunwọ̀n sí i, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó lo àga àti ògiri ilé wọn ṣe bí àwọn tó lo ẹ̀rọ ńlá.

Àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó ìwádìí ìṣègùn jọ kí ó sì yẹ̀ wọ́n wò, náà ṣe àyẹ̀wò ìwádìí 96 ní ọdún 2014, èyí tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn nínú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò sí ìlànà ìdárayá kan tó fi gbogbo ara dára ju àwọn yòókù lọ, àti pé ìdárayá tí a ń ṣe fún 30 sí 60 ìṣẹ́jú lóòjọ́, ní ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7 lọ́sẹ̀, ń ṣe aláìsàn láǹfààní.

Ọ̀nà mìíràn tó bá ipò orílẹ̀-èdè yìí mu ni ìdárayá àjùmọ̀ṣe. Oníṣègùn kan á tò àga, àpótí kékeré àti okùn kalẹ̀ ní ojú kan sí òmíràn nínú gbọ̀ngàn. Àwọn aláìsàn mélòó kan á máa yí káàkiri, ẹni kan á máa dìde jókòó níhìn-ín, ẹni kan á máa gun àpótí lọ́hùn-ún. Àyẹ̀wò tí Cochrane ṣe ní ọdún 2017 lórí ìwádìí 17, tó kan ènìyàn 1,297, fi hàn pé àwọn tó ṣe irú ìdárayá yìí lè rìn jìnnà tó nǹkan bíi mítà 60 ju àwọn yòókù lọ láàárín ìṣẹ́jú 6. Ní ilé ìwòsàn tí aláìsàn ti pọ̀ ju oníṣègùn lọ, àǹfààní ńlá lèyí. Bákan náà, aláìsàn tó bá rí ẹlòmíràn tó ń rìn kì í rò pé òun nìkan ni ayé dojú kọ.

ÌDÁRAYÁ LÁTI ORÍ IBÙSÙN DÉ ORÍ ÀTẸ̀GÙN

Àwọn físíótẹ́rápísìtì, ìyẹn àwọn oníṣègùn tí ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, ni wọ́n ń yan èyí tó bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan mu lẹ́yìn àyẹ̀wò. Àmọ́, ìtẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé tí wọ́n sábà máa ń gbà nìyí.

Ìjókòó ni ìpele kìn-ín-ní. Aláìsàn á jókòó sétí ibùsùn láìfẹ̀yìn ti nǹkan, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á tẹ ilẹ̀ dáadáa. A ó gbé ife síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tó, níwájú tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó rọ, kí ó lè nà mú un, kí ó sì padà jókòó dáadáa. Bó ṣe ń nà ni yóò máa fi ẹsẹ̀ tó rọ tẹ ilẹ̀.

Ìpele kejì ni dídìde láti orí ìjókòó. Ìdárayá yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé ẹni tí kò lè dìde kò lè rìn. Àga tí kò ní táyà, tí a gbé ti ògiri, ni kí á lò. Aláìsàn á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó rọ má baà wà níwájú níbi tí kò ti ní ṣiṣẹ́ kankan. Á tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ yóò fi wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò dìde. Kí ó rọra jókòó padà. Kí ó má ṣe já lu àga. Bí àga bá ti ga nípa tìmùtìmù tí a gbé lé e, dídìde á rọrùn. Bí agbára ti ń dé, a ó máa dín gíga náà kù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbà 5 lè di ẹni tó ń ṣe é ní ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́.

Ìdúró ni ìpele kẹta. Aláìsàn á dúró ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì tó wúwo tàbí irin ojú fèrèsé tó lè tètè dì mú, pẹ̀lú àga lẹ́yìn rẹ̀. Á máa gbé ìwúwo ara rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, pàápàá sórí èyí tó rọ. Á máa gbé gìgísẹ̀ sókè, á máa yí orí wo ọ̀tún àti òsì, á sì máa gbé ẹsẹ̀ tó dá lé orí àpótí kékeré kí èyí tó rọ lè gba ẹrù. Bí èyí bá ti rọrùn, kí ó mú ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, kí ó sì dín ìdìmú ọwọ́ kù. Ìdárayá tí kò bá ni ènìyàn lára díẹ̀ kì í kọ́ ara ní nǹkan tuntun.

Ìrìn ni ìpele kẹrin: ìrìn sí iwájú, sí ẹ̀yìn àti sí ẹ̀gbẹ́, ríré ọ̀pá tí a tẹ́ sílẹ̀ kọjá, yíyí padà, rírìn lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, àti rírìn kíákíá díẹ̀ ju ti àná lọ. Ọwọ́ tó dá ni kí aláìsàn fi di ọ̀pá ìtìlẹ̀ mú. Fún ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká sókè, oníṣègùn lè pèsè ohun èlò oníke tí a ń wọ̀ sínú bàtà láti dì í mú, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ má baà máa wọ́lẹ̀.

Àtẹ̀gùn ló kẹ́yìn. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: bí a bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dá ni kó ṣáájú, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó rọ ni kó ṣáájú.

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀ PÉ Ó Ń TẸ̀ SÍWÁJÚ

Àwọn oníṣègùn kì í fi ojú lásán díwọ̀n ìdúróṣinṣin. Ní ọdún 1989, Katherine Berg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri àgbáyé. Iṣẹ́ 14 ló wà nínú rẹ̀, bíi dídìde, dídúró láì di nǹkan mú, títẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ àti yíyípo. Máàkì òdo sí 4 ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 56. Èyí tó rọrùn jù ú lọ ni ti ọdún 1991: aláìsàn á dìde lórí àga, á rìn mítà 3, á yí padà, á sì wá jókòó, nígbà tí ẹlòmíràn ń fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá. Ìdílé tí oníṣègùn bá ti kọ́ lè ṣe èyí lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí aago bá sọ pé bàbá tó lo ìṣẹ́jú àáyá 40 lóṣù tó kọjá lo 31 lónìí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ ju bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń sọ fún un pé ó ti gbádùn lọ.

ÌṢUBÚ: Ọ̀TÁ TÓ WÀ NÍNÚ ILÉ

Ní ọdún 1995, Anne Forster àti John Young ṣe ìwádìí lórí aláìsàn 108 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ṣubú láàárín oṣù mẹ́fà tí wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn. Nítorí náà, kí ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀, ilé ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe. Kí á ká ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì kékeré tó lè yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Kí á nu omi ilé ìwẹ̀ gbẹ, kí á sì kan irin ìdìmú mọ́ ògiri rẹ̀ bí agbára bá ká a. Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú ni kí aláìsàn wọ̀, kí ó má wọ sílípáàsì. Kí tọ́ọ̀ṣì wà nítòsí ibùsùn fún ìgbà tí iná mànàmáná bá lọ, kí póò sì wà níbẹ̀ fún òru.

Ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ, lẹ́yìn díẹ̀, kí ó di ìbàdí tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ mú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ tó rọ fa aláìsàn dìde, nítorí pé oríkèé èjìká tí iṣan rẹ̀ ti dẹ̀ lè yẹ̀, ìrora rẹ̀ sì lè dá gbogbo ìdárayá dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù.

ÌFẸ́ TÓ Ń RANNI LỌ́WỌ́ ÀTI ÈYÍ TÓ Ń SỌNI DI ALÁÌLÁGBÁRA

Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ tó bá jẹ́ kí bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn dìde lọ bu omi fúnra rẹ̀ lè gba orúkọ burúkú. “Ẹ jókòó, Bàbá, a ó gbé e wá fún yín” ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ilé. Ìfẹ́ ló bí i, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà lọ́wọ́ aláìsàn. Ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé nǹkan wá fún Bàbá jẹ́ ìgbà mẹ́wàá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dìde. Ìrànlọ́wọ́ tó dára jù ni kí ọmọ dúró tì í, kí ó ní sùúrù, kí ó sì sọ pé: “Ẹ rọra dìde, mo wà lẹ́yìn yín.”

Ọ̀pọ̀ tún gbà pé fífi òróró tàbí àdí ra ẹsẹ̀ ló ń mú un le. Fífi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ lè tu ara lára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ẹlòmíràn ń bá ṣiṣẹ́ kò kọ́ ohunkóhun. Ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti lò ó. Fífi omi gbígbóná tàbí aṣọ tí a yá níná jó ẹsẹ̀ náà léwu, nítorí pé ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́ lè bó kí aláìsàn má mọ̀. Bákan náà, bí aláìsàn bá ń sunkún, tí kò fẹ́ jẹun, tí kò sì fẹ́ gbìyànjú, kí á má pè é ní ọ̀lẹ. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ lẹ́yìn àrùn yìí, ó ní ìtọ́jú, ó sì yẹ kí dókítà gbọ́ nípa rẹ̀.

NÍBO NI ÌRÀNLỌ́WỌ́ WÀ?

Láti ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn físíótẹ́rápísìtì gboyè, àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn bíi ti Ìbàdàn, Èkó àti Ilé-Ifẹ̀ sì ní ẹ̀ka fún iṣẹ́ náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìlú ńlá ni wọ́n pọ̀ sí, owó ọkọ̀ láti abúlé kò kéré, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló sì ń san owó ìtọ́jú látinú àpò ara wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àpérò àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò pé kí ìjọba kọ̀ọ̀kan fi irú ìtọ́jú yìí sínú ètò ìlera rẹ̀ láti ilé ìwòsàn kékeré dé ńlá. Kí ìpinnu náà tó dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ìdílé tó bá lè dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan péré lóṣù ṣì lè jàǹfààní púpọ̀ bí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n ń béèrè.

Kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ oníṣègùn, kí wọ́n bi í léèrè: ìdárayá wo ni kí a máa ṣe nílé? Ìgbà mélòó lóòjọ́? Ibo ni kí olùrànlọ́wọ́ dúró sí? Kí ni yóò fi hàn pé ó ti tó láti fi kún un? Ìgbà wo ni kí a padà wá? Bí oníṣègùn àti aláìsàn bá gbà, kí wọ́n fi fóònù ya ìdárayá náà, kí ẹni tó wà nílé lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ Á DÚRÓ

Bí àyà bá ń dun aláìsàn, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí bí kò bá lè mí dáadáa, kí ìdárayá dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ojúgun kan bá wú, tó gbóná, tó sì ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀; ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, tàbí bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá tún ṣàdédé rọ, ó lè jẹ́ pé àrùn náà ti tún dé, kò sì yẹ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn.

Ìdárayá kò sì rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú, èyí tí ó jáde ní ọdún 2018, fi àwọn ènìyàn 2,118 tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Ghana wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó gba ipò iwájú nínú àwọn ohun tó ń fa àrùn náà. Àìjẹ ewébẹ̀ tó, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ lórí tábìlì, sìgá mímu àti àìṣe ìdárayá náà wà lára wọn. Ẹni tó ń kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrìn tó sì jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀ ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi èkejì wó o.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe ìdárayá ni yóò rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan á ju ọ̀pá nù, ẹnìkan á máa lò ó títí lọ, ti ẹlòmíràn á sì jẹ́ pé ó lè dìde fúnra rẹ̀ láti orí ibùsùn bọ́ sórí àga. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù nínú wọn pàápàá ń gba aláìsàn lọ́wọ́ egbò ìdùbúlẹ̀, ó sì ń dín ẹrù àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà lọ́sẹ̀ yìí, láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láti ilé ìwẹ̀ dé ìta gbangba lóṣù tó tẹ̀ lé e: bí ìṣísẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ tó láìséwu ni ìrètí ìrìn ṣe ń pọ̀ tó.